Aago Jámánì Tí Ó Ń Tiro

Ẹ̀yin tí ẹ kò jẹ́ kí ojú ewé yìí fò yín ru, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láàyè, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ní kí a kọ ọ́ bí ó ti rí, kí a má fi ohunkóhun bò. Ohun kan ṣoṣo tí ó bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a má dárúkọ òun. Aránṣọ ni. Alábẹ́rẹ́ ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ń pè é, Alábẹ́rẹ́ náà ni àwa ó sì máa pè é.

Ọ̀gá tí ó kọ́ Alábẹ́rẹ́ níṣẹ́ kò bímọ, ìyàwó rẹ̀ kò sì bí. Àwọn méjèèjì ni wọ́n tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tí ọ̀gá kú, ṣọ́ọ̀bù di ti Alábẹ́rẹ́. Ìyàwó ọ̀gá, ìyá àgbà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Ṣọ́ọ̀bù, ń dá gbé inú yàrá kan ní òpópónà tí ó wà lẹ́yìn ibẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, Màmá Ṣọ́ọ̀bù wọlé wá, ó tú áńkáṣíìfù funfun kan sórí tábìlì tí Alábẹ́rẹ́ fi ń gé aṣọ. Aago ọwọ́ ọ̀gá ni ó wà nínú rẹ̀.

"Ọmọ mi, ó ti dákẹ́," ni ó wí. "Láti ìgbà tí ọ̀gá rẹ ti lọ, oorun kò kùn mí mọ́. Apá tí ó wọ aago yìí sí ni mo fi ṣe ìrọ̀rí ní gbogbo ọjọ́ ayé mi. Bá mi gbé e lọ sọ́dọ̀ Ojúkan kí ó wò ó. Bí ó bá tún lè fọhùn, abẹ́ etí mi ni n ó máa gbé e sí sùn."

"Ẹ má ṣèyọnu, Màmá. N ó gbé e lọ lónìí."

Òótọ́ ni Alábẹ́rẹ́ fi ẹnu rẹ̀ sọ. Kò ní ètekéte kankan lọ́kàn ní wákàtí náà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ irú aago tí ó jẹ́ fún yín. Aago Jámánì àtijọ́ ni, ó sì ti gbó kí ọ̀gá tó rà á nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Kò mọ bátìrì. Orí kékeré kan wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí a fi ń yí i ní àràárọ̀, kí sípírìn inú rẹ̀ lè ní agbára. Ojú rẹ̀ ti pọ́n díẹ̀ bí omi tíì, ọwọ́ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ní àwọ̀ búlúù bí ìyẹ́ agbe. Nísàlẹ̀ ojú náà, aago kékeré mìíràn wà nínú aago, tí ń ka ìṣẹ́jú àáyá lọ ní tirẹ̀.

Láti ìgbà tí Alábẹ́rẹ́ ti ń kọ́ṣẹ́ ni ó ti ń wo aago náà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá kì í ki sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ olówó láìkọ́kọ́ wò ó. Kì í ṣe pé ó fẹ́ mọ ohun tí aago wí. Ó kàn ń fi í mú ọwọ́ rẹ̀ dúró ni.

Ojúkan ni alátùn-únṣe aago. Ojú rẹ̀ méjèèjì pé. Gíláàsì dúdú tí ó máa ń há sí ojú kan bí ó bá ń ṣiṣẹ́ ni ó sọ ọ́ lórúkọ. Ó ṣí ẹ̀yìn aago náà, ó wò ó títí, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ta ló ní èyí ti kú? Ọ́ìlì inú rẹ̀ ló gan. Ó ti lẹ̀ bí àtè. Lọ síbi iṣẹ́ rẹ, kí o padà wá bí mo bá fọ̀ ọ́ tán."

Nígbà tí Alábẹ́rẹ́ padà débẹ̀, aago ń rìn. Ojúkan gbé e sí i létí. Kọ̀-kọ́, ó dákẹ́ díẹ̀. Kọ̀-kọ́, ó tún dákẹ́ díẹ̀. Bí ẹni tí ẹsẹ̀ kan kúrú sí èkejì.

"O gbọ́ bí ó ṣe ń tiro?" ni Ojúkan bi í. "Ẹnì kan ti já a bọ́ sílẹ̀ rí, ẹni tí ó tún un ṣe kò sì gbé e dọ́gba. Kò ní pẹ́ rárá. Jẹ́ kí n tọ́ ọ sọ́nà."

"Má fọwọ́ kàn án!" Alábẹ́rẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ já a gbà. "Bí ó ṣe ń rìn lọ́wọ́ ọ̀gá nìyẹn. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Háà! Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ohun àtijọ́ yìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo orí yín. Èmi ń fún un lẹ́sẹ̀, ìwọ ń bẹ̀bẹ̀ fún àrùn." Ojúkan yọ gíláàsì kúrò lójú. "Ta ló wá ni ín báyìí?"

"Èmi ni. Mo rà á."

Ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́ kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀. Bí ó ti sọ ọ́ tán, ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu, kò sì kó ọ̀rọ̀ náà jẹ.

Ojúkan fi ọwọ́ lu èjìká rẹ̀. "O káre. Etí rẹ mélòó? Àárọ̀ ni kí o máa yí i, kí o sì rọra. Bí o bá ti rí i pé orí yẹn ń kọ̀ fún ọ, fi í sílẹ̀, ó ti yó. Má jẹ́ kí omi kàn án. Má jẹ́ kí ó bọ́, nítorí ẹ̀gún irin tí kẹ̀kẹ́ inú rẹ̀ ń yí lé kò nípọn ju irun lọ. Paríparí rẹ̀, má gbé e sún mọ́ òòfà. Bí òòfà bá mú un, á máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé."

Lójú ọ̀nà, Alábẹ́rẹ́ ní òun yóò gbé e fún Màmá. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ yà sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì fi aago náà sínú dúrọ́ọ̀. Ọwọ́ òfìfo ni ó gbé dé iwájú obìnrin náà.

"Kí ni Ojúkan wí?"

"Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù. Ó ní ó ti kú. Sípírìn rẹ̀ ti gé, wọn kò sì ṣe irú rẹ̀ mọ́ níbikíbi."

"Ó dáa. Mo dúpẹ́. Gbé e wá, kí n tẹ́ ẹ sínú àpótí."

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n rà á lọ́wọ́ yín."

"Ṣé orí rẹ pé? Kí lo fẹ́ fi òkú aago ṣe?"

"Kí n máa fi rántí ọ̀gá ni."

Ojú obìnrin náà rọ̀. "Nígbà náà, máa mú un lọ. Ta ló ń ta nǹkan fún ọmọ rẹ̀?"

Alábẹ́rẹ́ kò gbà. Ó fi tipátipá fi owó sí i lọ́wọ́, ó sì ká ìka rẹ̀ dé owó náà. Ẹ̀yin òǹkàwé, kì í ṣe pé ó lawọ́. Ó fẹ́ lè wí fún ara rẹ̀ pé rírà ni òun rà á.

Bí ìyà rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbádùn ni ó kọ́kọ́ pè é.

Ó ra okùn awọ tuntun sí aago náà kí ẹnikẹ́ni má bàa dá a mọ̀. Kí ó tó bọ́ sílẹ̀ lórí ibùsùn ní àárọ̀, aago ni ó ń kọ́kọ́ kí. Ìyàwó rẹ̀ a dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a máa wò ó.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé orogún mi jí dáadáa?"

"Fi mí sílẹ̀, jọ̀ọ́."

"Ẹ bi í bóyá ó fẹ́ tíì. Níbo lẹ tilẹ̀ ti rí i?"

"Ọkùnrin kan tí ń kó kúrò níbí ni ó tà á fún mi."

Irọ́ kẹta nìyẹn, ó sì ti yọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Bí ó bá fẹ́ fọwọ́, á bọ́ aago. Bí òjò bá ṣú, á bọ́ aago. Nígbà tí ó rántí ọ̀rọ̀ Ojúkan nípa òòfà, ọ̀ràn náà dé ìdí iṣẹ́ rẹ̀. Òòfà ńlá kan wà ní ṣọ́ọ̀bù, tí ọ̀gá fi ń kó pínnì tí ó bá dà sílẹ̀. Alábẹ́rẹ́ gbé òòfà náà jù sẹ́yìn ilé nítorí aago. Láti ọjọ́ náà ni ó ti di ẹni tí ń fi eékún rìn lórí ilẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí ń fi ìka ṣa pínnì lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kò lè rí gbogbo rẹ̀. Agbẹjọ́rò kan jókòó lórí ọ̀kan, ó sì fò sókè bí ẹni tí iná jó.

"Alábẹ́rẹ́! Ṣé èmi nìwọ fẹ́ bá dé kóòtù?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Alábẹ́rẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ń dùn ún, eékún ń dùn ún, ó sì ti ń rẹ̀ ẹ́.

Ohun tí ó rẹ̀ ẹ́ jù ni ìròyìn tí ìyàwó rẹ̀ ń mú wálé. Obìnrin náà fẹ́ràn Màmá Ṣọ́ọ̀bù, ó sì máa ń yà kí i.

"Màmá kò sùn mọ́ rárá," ni ó wí ní ọjọ́ kan. "Ní ọ̀sán gangan ni mo bá a tí ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, tí ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní yàrá náà dákẹ́ jù. Ó ní bí òun bá fi orí lélẹ̀, etí òun ni yóò máa wá nǹkan kiri. Mo ní kí ó fara dà á. Kí ni ǹ bá tún sọ?"

Alábẹ́rẹ́ ń jẹun lọ́wọ́. Aago ń tiro lọ nínú àpò aṣọ rẹ̀. Ó ti oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ní ọjọ́ kejì, ó ra aago bátìrì kan, aago oníke tí ń dún kì-kì-kì, ó sì gbé e lọ fún Màmá. Ẹ ò rí i bí ẹni tí ó jẹ̀bi ṣe ń ronú? Ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ṣeé fi sílẹ̀, ó wá ń wá ohun mìíràn tí yóò fi dí i.

Kò pẹ́ tí Màmá fi dá aago oníke náà padà. "O ṣeun, ọmọ mi. Má bínú sí mi. Eléyìí ń pariwo ni, kò mí. Ṣùgbọ́n mo rí ìgbìyànjú rẹ. Ọlọ́run yóò san án fún ọ."

Àdúrà yẹn wọ̀ ọ́ lára bí òtútù. Lójoojúmọ́ ni ó ń wí pé lọ́la ni òun yóò dá aago padà. Lọ́la ń dé, ó sì ń yí orí aago náà, ó ń wí pé ó di ọ̀la. Kò gbádùn rẹ̀ mọ́. Kò kàn lè gbé e sílẹ̀ ni.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ́ jẹ́ ọjọ́ tí oòrùn mú. Oníbàárà méjì jókòó lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ fáànù. Màmá Ṣọ́ọ̀bù yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ aṣọ kan tí Alábẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ rán fún un.

"Wò mí, ọmọ mi. Aṣọ yìí ti ń jábọ́ lára mi. Bóyá aṣọ ló ń sanra ni."

"Ẹ dúró síbí, Màmá. N ó fún un mọ́ra."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ aránṣọ mọ bí a ti ń ṣe é. Pínnì á kún ẹnu, ọwọ́ méjèèjì á sì di aṣọ mú lára oníbàárà. Ìgbà tí Alábẹ́rẹ́ ti há pínnì sáàárín ètè ni ó rántí pé aago wà lọ́wọ́ òun. Ó fa ọwọ́ aṣọ rẹ̀ bò ó. Ó fún ẹ̀gbẹ́ mọ́ra, ó fún ẹ̀yìn mọ́ra, ó sì gbé ọwọ́ òsì dé èjìká Màmá, lẹ́bàá etí rẹ̀, láti mú ọrùn aṣọ náà.

"Dúró."

Ó rò pé òun ti fi pínnì gún un. Ó fẹ́ yọ ọwọ́.

"Mo ní kí o dúró. Má gbé ọwọ́ rẹ kúrò níbẹ̀." Màmá kò yí ojú padà. Ó na ìka sí àwọn tí ó wà lórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi pa fáànù yẹn."

Ọ̀kan nínú wọn dìde, ó pa á. Ṣọ́ọ̀bù dákẹ́. Alábẹ́rẹ́ gbọ́ ọ, ẹni gbogbo sì gbọ́ ọ. Kọ̀-kọ́, ó dákẹ́ díẹ̀. Kọ̀-kọ́.

Màmá pa ojú dé. Ó fi orí tì sí ọrùn ọwọ́ náà bí ẹni tí ó fẹ́ sùn lórí ìdúró. Lẹ́yìn náà ni ó la ojú, ó yíjú sí i, ó sì fa ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè.

"Yọ pínnì lẹ́nu kí o má bàa gbé e mì," ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́.

Ó tu wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́. "Màmá, mo... mo gbé e lọ bá ẹlòmíràn ni. Ẹni náà ni ó bá mi tún un ṣe."

"Ó dáa. Nígbà tí o gbọ́ tí ó fọhùn, ta lo kọ́kọ́ sáré lọ sọ fún?"

Alábẹ́rẹ́ fa ọwọ́ aṣọ rẹ̀ bo aago náà padà.

"O mọ̀ pé n kò sùn."

"Mo mọ̀, Mà."

"Ìyàwó rẹ ń sọ fún ọ."

"Ó ń sọ ọ́, Mà."

"O sì gbé aago oníke wá fún mi, mo sì gbàdúrà fún ọ." Kò pariwo. Ì bá sàn fún Alábẹ́rẹ́ bí ó bá pariwo. "Bọ́ ọ."

Ó bọ́ ọ. Màmá dì í sínú ọwọ́, ó sì jáde lọ pẹ̀lú gbogbo pínnì tí ó wà lára aṣọ rẹ̀. Alábẹ́rẹ́ pariwo, "Màmá, pínnì ń bẹ lára yín!"

Ẹni tí ó pa fáànù kò tún tàn án. Ó gbọn aṣọ rẹ̀. "Alábẹ́rẹ́, aṣọ tí mo gbé wá dà? Fún mi bí ó ṣe wà. Má wulẹ̀ gé e."

Nígbà tí Alábẹ́rẹ́ délé, ìròyìn ti dé ṣáájú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò bá a jà. Ó ń ká aṣọ àwọn ọmọ, ó ń bá a lọ ní kíká a.

"Mo jókòó ti Màmá," ni ó wí, "mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní kí ó fara dà á. Aago náà sì wà lórí tábìlì wa níbí. Ẹ sọ èmi náà di òpùrọ́."

"Má bínú."

"N kò bínú. Ó rẹ̀ mí ni."

Ṣé ẹ rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀? Láìpẹ́, Màmá Ṣọ́ọ̀bù ránṣẹ́ pé kí Alábẹ́rẹ́ wá. Nígbà tí ó wọlé, aago wà lórí ìrọ̀rí, ó ti dákẹ́. Màmá na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí i. Oríkèé ìka rẹ̀ wú, àwọn ìka náà sì ti wọ́. Orí aago náà kò tóbi ju hóró jéró lọ.

"Ọ̀gá rẹ ni ó ń yí i. N kò fọwọ́ kàn án rí," ni ó wí. "Mo gbìyànjú láti àná, kò yí. Ìwọ ni o kọ́ ọ. Yí i."

Ó yí i títí orí náà fi kọ̀ fún un. Ó gbé e sórí ìrọ̀rí.

"Ó tó. Máa lọ."

Bí ó ti di iṣẹ́ rẹ̀ ní àràárọ̀ nìyẹn. Kí ó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, á kọ́kọ́ dé òpópónà ẹ̀yìn. Á kí i, Màmá á mi orí. Á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á yí aago, á gbé e lé ìrọ̀rí. "Ó tó. Máa lọ." Àga kan wà nínú yàrá náà tí ó ti ń jókòó sí láti kékeré. Ẹnikẹ́ni kò ní kí ó jókòó sí i mọ́, òun náà kò sì gbójúgbóyà.

Nígbà tí ó ń sọ ìtàn yìí, a bi í pé kí ni kí àwọn òǹkàwé rí kọ́ níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ sọ fún wọn pé èmi rò pé aago ni mo mú. Oorun obìnrin kan ni mo wọ̀ sọ́wọ́ kiri."

Ní àkókò tí ó ń lọ yí aago bẹ́ẹ̀ ní àràárọ̀ ni ibà dá a dùbúlẹ̀. Kò lè dìde. Ó kọ́ ìyàwó rẹ̀ bí a ti ń yí aago náà, ó sì rán an lọ. Ìyàwó rẹ̀ padà dé láìpẹ́.

"Kò gbà kí n fọwọ́ kàn án. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní kí n máa lọ ilé."

"Ṣé ó ń rìn?"

"Ó ti dúró."

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ibà náà lọ, Alábẹ́rẹ́ dìde. Ó ń di ògiri mú dé ẹnu ọ̀nà Màmá. Obìnrin náà jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó hàn pé kò tíì sùn láti ìgbà tí aago ti dákẹ́.

"Màmá, èé ṣe tí ẹ kò jẹ́ kí ìyàwó mi yí i?"

Màmá ti aago náà sí i. Alábẹ́rẹ́ mú un, ó rọra yí i, ó tẹ́tí sí i bí ó ti ń jí, bí ó ti ń fẹsẹ̀ tí kò dọ́gba bọ́ sọ́nà. Ó gbé e sórí ìrọ̀rí. Ó dúró de ọ̀rọ̀ tí ó mọ̀ pé ó kàn, ó sì ti ń yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

Màmá Ṣọ́ọ̀bù wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Ojú rẹ ti wọnú," ni ó wí. "Fa àga yẹn, kí o jókòó."